Ole Kirk Christiansen, Káfíńtà Tí Ó Sọ Bíríkì Di Ohun Ìṣeré

Bí ènìyàn bá dárúkọ LEGO níwájú ọmọdé òde òní, kò ní bèèrè ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn bíríkì kéékèèké tí a fi ike ṣe ni, tí wọ́n ní kókó lórí, tí inú wọn ṣófo, tí wọ́n sì máa ń di ara wọn mú láìlo ìṣó tàbí àtè. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè nípa ọkùnrin tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa, àti akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, ni yóò máa wo ara wa lójú. Ìtàn ọkùnrin náà, Ole Kirk Christiansen, ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí.

Ìdí tí mo fi yàn án kò pamọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn tí ó mọ̀wé, nínú ọgbà yunifásítì pàápàá, pé ohun ìṣeré yìí ń sọ ọpọlọ ọmọdé di onígun mẹ́rin. Wọ́n ní ilé tí ó dúró ṣánṣán nìkan ni a lè fi kọ́, pé kò sí bí a ṣe lè fi mọ ògiri tí ó dagun, tàbí ohun tí ó sún díẹ̀ kúrò lójú ìlà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń ka ìtàn ìgbésí ayé káfíńtà yìí, tí mo sì ń fi rúlà wọn àwọn bíríkì náà lórí tábìlì mi, ni ó túbọ̀ ń yé mi pé ìwọ̀n tí ó péye, èyí tí baba náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré, ni ó ṣí ọ̀nà fún gbogbo dídagun àti sísún tí àwọn ọ̀jáfáfá ń fi bíríkì náà ṣe lónìí. Bí ìwọ̀n bá ti mẹ́hẹ, a kò lè yí i sí ibì kankan.

Ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1891 ni wọ́n bí Ole Kirk ní abúlé kan lẹ́bàá Filskov, ní agbègbè Jylland ní orílẹ̀-èdè Dẹ́nmákì. Ilẹ̀ yanrìn tí kò lọ́ràá ni ilẹ̀ ibẹ̀. Tálákà ni àwọn òbí rẹ̀, ọmọ wọn sì pọ̀ jọjọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Nígbà tí iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Jámánì àti ní Nọ́wè. Nọ́wè ni ó ti pàdé Hansine Kristine Sørensen, tí ó gbé níyàwó ní ọdún 1916. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó ra ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Billund. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìlú ńlá ni Billund nígbà náà o. Abúlé kékeré ni, tí àwọn àgbẹ̀ yí ká.

Iṣẹ́ tí káfíńtà abúlé ń ṣe níbi gbogbo ni Ole Kirk ń ṣe: ilẹ̀kùn, fèrèsé, àga, àpótí. Ó tún ń bá àwọn àgbẹ̀ kọ́lé, ó sì lọ́wọ́ nínú kíkọ́ ilé ìjọsìn Skjoldbjerg tí kò jìnnà sí Billund. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ẹni tí ó bá ti kọ́lé rí ti mọ ohun tí igun jẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró ti àwọn bíríkìlà wa nígbà tí wọ́n ń ta okùn ìpìlẹ̀ yóò ti rí ọgbọ́n náà: wọn a wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí apá kan, wọn a wọn mẹ́rin sí apá kejì, bí ìlà tí ó gé kọjá láti orí ìkínní dé orí ìkejì bá sì jẹ́ márùn-ún gẹ́lẹ́, igun ilé ti gún. Ọgbọ́n yìí ti wà ní ayé kí á tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn, a óò tún bá a pàdé.

Ní ọdún 1924, méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Karl Georg àti Godtfred, tí wọn kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún àti mẹ́rin lọ, wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dáná láti fi yáná, iná náà ran èérún igi tí ó wà nílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù àti ilé sì jóná. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ole Kirk wá ayàwòrán ilé kan, ó sì kọ́ èyí tí ó tóbi ju ti àtijọ́ lọ. Ilé náà wà ní Billund títí di òní, wọ́n sì ń pè é ní Ilé Kìnnìún nítorí àwọn ère kìnnìún méjì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ohun tí iná kò lè ṣe, ọdá owó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, àwọn àgbẹ̀ Jylland kò rí ọjà wọn tà lówó gidi, ẹni tí kò sì rówó jẹun kì í kọ́lé. Ole Kirk dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1932 tí nǹkan le jù, Hansine ìyàwó rẹ̀ kú, ó fi ọmọkùnrin mẹ́rin sílẹ̀ fún un. Ó kó igi tí ó ṣẹ́kù nínú ṣọ́ọ̀bù jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe àkàbà, àpótí ìjókòó, pákó ìlọṣọ, àti ohun ìṣeré ọmọdé. Àwọn ẹbí rẹ̀ dúró fún un láti yá owó, ṣùgbọ́n wọn kò fi bò fún un pé ó yẹ kí àgbàlagbà wá iṣẹ́ tí ó nítumọ̀ ju ìṣeré lọ. Nígbà mìíràn, oúnjẹ ni àwọn oníbàárà fi ń san owó ọjà. Onígbàgbọ́ líle ni Ole Kirk, àdúrà ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láràárọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ní àsìkò náà ni yoyo gbòde, ìyẹn ohun ìṣeré olókùn tí ń lọ sókè sódò lọ́wọ́ ọmọdé. Ó ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí ó yá, ojú rẹ̀ fọ́ lọ́jà, òkìtì yoyo sì kù sílẹ̀. Ó là wọ́n sí méjì, ó fi ìlàjì wọn ṣe táyà ọkọ̀ onígi. Ìwà tálákà ni ènìyàn lè pe èyí, ṣùgbọ́n mo rí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀: ọkùnrin yìí ti ń wo nǹkan kan náà ní ọ̀nà méjì.

Ọdún 1934 ni ó fẹ́ Sofie Jørgensen. Ọdún yẹn náà ni ó wá orúkọ fún iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ dábàá, ó sì fi ìgò wáìnì tí òun fúnra rẹ̀ pọn ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tí ó bá mókè. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ mú wá ni ó wọlé, bẹ́ẹ̀ ni wáìnì náà kò kúrò nílé. Ó mú ọ̀rọ̀ méjì nínú èdè Dẹ́nmákì tí ó túmọ̀ sí kí á ṣeré dáradára, ó gé ìdí wọn, ó sì kan orí wọn pọ̀, ó di LEGO. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ìsúnkì nínú èdè Yorùbá yóò rí i pé ọ̀nà náà kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wà nínú èdè Látìn pẹ̀lú, tí ó lè túmọ̀ sí pé mo ń kó nǹkan jọ.

Nínú gbogbo ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀, ti pẹ́pẹ́yẹ ni mo fẹ́ràn jù. Pẹ́pẹ́yẹ onígi tí ó ní táyà wà lára ọjà rẹ̀ tí ó tà jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń kùn ún ní fáníìṣì. Lọ́jọ́ kan, Godtfred, tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, dé sílé pẹ̀lú ayọ̀. Ó sọ fún baba rẹ̀ pé òun ti dá owó púpọ̀ sí fún ilé-iṣẹ́, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni òun kun àwọn pẹ́pẹ́yẹ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Baba kò yìn ín. Ó ní kí ó padà lọ kó wọn wá, kí ó kùn wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ó tún wọn dì, kí ó sì dá wọn padà sí ibùdó ọkọ̀, kí òun nìkan sì ṣe gbogbo rẹ̀ láìsí olùrànlọ́wọ́, bí ó bá gbà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Godtfred sọ ìtàn yìí títí ó fi dàgbà. Ó tún gbẹ́ ohun tí baba rẹ̀ máa ń tẹnu mọ́ sára igi, ó sì gbé e kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù: èrò náà ni pé bí nǹkan ti wù kí ó dára tó, kò tíì dára jù.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gba Dẹ́nmákì ní ọdún 1940, ọjà òkèèrè kò wọlé mọ́, ohun ìṣeré ìbílẹ̀ sì tà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1942, iná tún jó ilé-iṣẹ́ náà. Àwòrán àti àwòṣe gbogbo ohun tí wọ́n ti ń ṣe bọ̀ ló bá a lọ. Ole Kirk rò ó pé kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ronú kan àwọn tí ń gbára lé e fún oúnjẹ òòjọ́ wọn, ó sì tún un kọ́.

Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1946, baba tí ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta yìí ṣe ohun tí ó ba àwọn tirẹ̀ lẹ́rù. Ó ní kí wọ́n bá òun ra ẹ̀rọ kan láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ tí ń yọ́ ike tí ó sì ń fipá tì í sínú mọ́ọ̀dù onírin. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n owó króònù ni iye rẹ̀. Ìparí ọdún 1947 ni ẹ̀rọ náà dé. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Àwọn oníṣòwò pàápàá gbà pé ike kò lè gba ipò igi láéláé. Ó yé mi bí ẹ̀rù ṣe bà wọ́n, nítorí káfíńtà ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mọ́ọ̀dù onírin lè ṣe tí ayùn àti ìfági kò lè ṣe. Igi ń wú nígbà òjò, ó ń sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ọwọ́ ènìyàn sì ń rẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́ọ̀dù tí a bá ti gbẹ́ dáradára yóò bí ẹgbẹ̀rún ọmọ tí ojú wọn jọra.

Níbi yìí ni ó ti yẹ kí n sọ òtítọ́ tí àwọn kan máa ń fò. Kì í ṣe Ole Kirk ni ó kọ́kọ́ ronú kan bíríkì náà. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Hilary Fisher Page, tí ó ni ilé-iṣẹ́ Kiddicraft, ni ó ti ń ṣe bíríkì oníke tí ó ní kókó lórí, tí inú rẹ̀ ṣófo, tí a sì là ní ẹ̀gbẹ́. Àpẹẹrẹ bíríkì Page dé ọwọ́ àwọn ará Billund ní àsìkò tí wọ́n ń ra ẹ̀rọ, òun ni wọ́n sì wò ṣe tiwọn ní ọdún 1949. Wọ́n mú kí igun rẹ̀ mú sí i, wọ́n tẹ́ orí kókó rẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n sì yí ìwọ̀n rẹ̀ kúrò ní íńṣì sí mìlímítà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín bíríkì méjèèjì kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Page kú ní ọdún 1957. Ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ LEGO tó ra ẹ̀tọ́ bíríkì Kiddicraft. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dí àwọn Tyco ti Amẹ́ríkà lọ́wọ́ kí wọ́n má ṣe ṣe irú bíríkì náà, ẹjọ́ dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, LEGO kò sì jàre ní ọdún 1988. Ní tèmi, gbèsè ni ọ̀rọ̀ Page jẹ́, ó sì yẹ kí á máa dárúkọ rẹ̀ nígbàkigbà tí a bá ń yin Ole Kirk. Ìtàn tí àwọn ará Billund fúnra wọn ń sọ lẹ́yìn náà kò yọ orúkọ Page sílẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá sì ní àwòkọ lásán ni gbogbo iṣẹ́ wọn, kí ó farabalẹ̀ gbọ́ ìyókù.

Bíríkì àkọ́kọ́ yẹn kò dára tó. Inú rẹ̀ ṣófo pátápátá, ara ògiri rẹ̀ nìkan ni ó fi ń di kókó mú. Bí a bá gbé ọ̀kan lé ìkejì lórí gẹ́lẹ́, ó dúró. Bí a bá gbé e kọjá sí ẹ̀gbẹ́ tí kókó kan tàbí méjì péré mú un, ó ń mì, ó sì lè já bọ́. Ní ọdún 1953 wọ́n pè é ní bíríkì LEGO. Ní ọdún 1955 Godtfred, tí ó ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá láti ọdún 1950, ṣètò rẹ̀ kí gbogbo ẹ̀yà tí wọ́n ń tà lè bá ara wọn mu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1956, ibẹ̀ sì ni ìráhùn ti ń wá pé ohun tí àwọn ọmọ kọ́ kì í dúró. Láti ọdún 1951 ni ara Ole Kirk kò ti le mọ́, Godtfred sì di ọ̀gá pátápátá ní ọdún 1957.

Ojútùú tí wọ́n rí ni ọ̀pá oníhò. Wọ́n fi ọ̀pá mẹ́ta, tí inú wọn ṣófo bí ìdí ọparun, sínú bíríkì oníkókó mẹ́jọ. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí kókó bá gbà wọlé, ọ̀pá náà á tì í mọ́ ògiri, á sì gbá a mú. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 1958 ni wọ́n gbé ìwé lọ síwájú ìjọba ní Copenhagen láti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kejìlélógójì lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, Ole Kirk Christiansen kú. Ó ku díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ní ọdún 1960, iná tún jó ilé ìkẹ́rùsí àwọn ohun ìṣeré onígi, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi iṣẹ́ igi sílẹ̀. Ní ọdún 1963 wọ́n pa ike àtijọ́ tì nítorí pé ó máa ń wọ́ bí ó bá pẹ́, wọ́n mú èyí tí kì í yí ìwọ̀n padà. Bíríkì tí wọ́n ṣe ní ọdún 1958 ṣì ń wọ èyí tí wọ́n ṣe lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo inú bíríkì náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí mi wà. Láti àárín kókó kan dé àárín èkejì jẹ́ mìlímítà 8. Gíga bíríkì kan, láìka kókó orí rẹ̀, jẹ́ 9.6. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ikú baba náà ni wọ́n mú àwọn bíríkì pẹlẹbẹ jáde. Mẹ́ta wọn ga tó bíríkì kan, nítorí náà gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.2. Bí ẹ bá fi 1.6 pín àwọn iye mẹ́ta yìí, kò ní sí ìyókù: pẹlẹbẹ jẹ́ 2, fífẹ̀ kókó kan jẹ́ 5, gíga bíríkì jẹ́ 6. Ẹ to pẹlẹbẹ márùn-ún léra, gíga wọn á jẹ́ mìlímítà 16, èyí sì jẹ́ fífẹ̀ kókó méjì gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá dá wọn dùbúlẹ̀, wọn á wọ àyè kókó méjì láìṣẹ́kù. Àwọn bíríkì kan wà tí kókó wọn wà ní ẹ̀gbẹ́, àwọn ni a fi ń mú iṣẹ́ dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀yà kan sì wà tí a tẹ̀ bí igun, tí nínípọn wọn jẹ́ 1.6, ìyẹn ìlàjì pẹlẹbẹ kan. Ẹni tí ó bá pa gbogbo wọn pọ̀ lè sún fèrèsé ilé rẹ̀ wọnú tàbí síta ní ìlàjì pẹlẹbẹ, bí káfíńtà ṣe ń fi ìfági fá etí pákó díẹ̀díẹ̀.

Sísún sí ẹ̀gbẹ́ tún rọrùn ju èyí lọ. Pẹlẹbẹ kan wà tí ó gba àyè kókó méjì, ṣùgbọ́n kókó kan ṣoṣo ni ó ní, ní àárín gbùngbùn. Ohun tí a bá gbé lé e ti sún ní mìlímítà 4, ìlàjì kókó. Kódà ọ̀pá oníhò inú bíríkì lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé kókó kan lè wọ inú ihò rẹ̀ gẹ́lẹ́, àárín kókó mẹ́rin sì ni ọ̀pá náà dúró sí. Ẹ tún wo bí ọ̀pá náà ṣe tóbi tó. Láti àárín kókó kan dé àárín èyí tí ó wà ní ìkọjá rẹ̀ jẹ́ 11.31, kókó fúnra rẹ̀ jẹ́ 4.8 ní fífẹ̀. Ohun tí ó ṣẹ́kù fún ọ̀pá láàárín wọn ni 6.51. Iye yìí kò ṣeé pín sí 1.6 láéláé, nítorí ìlà ìkọjá ni ó ti wá. Bíríkì tí wọ́n ní kò mọ̀ ju onígun mẹ́rin lọ, ìlà tí ó dagun ni ó gbé sínú.

Ó wá ku igun. Kókó jẹ́ òbírí, nítorí náà ohun tí kókó kan ṣoṣo bá mú lè yí bí ilẹ̀kùn lórí hínjì. Ìṣòro ibẹ̀ ni orí kejì: níbo ni yóò ti tún rí kókó tí yóò mú un? Ọgbọ́n bíríkìlà wa ni ìdáhùn. Ẹ mú kókó kan lórí pẹpẹ, ẹ ka àlàfo mẹ́ta sí iwájú, àlàfo mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi bíríkì róbótó oníkókó kan sí orí ìkínní, ẹ fi òmíràn sí orí ìkejì, kí ẹ wá gbé pẹlẹbẹ gígùn kan lé méjèèjì. Yóò wọ̀ ọ́ láìsí wàhálà, igun rẹ̀ á sì jẹ́ díẹ̀ dín ní dígírì 37 ní apá kan, díẹ̀ lé ní 53 ní apá kejì. Ṣùgbọ́n oníkókó mélòó ni pẹlẹbẹ náà? Ọ̀pọ̀ ni yóò mú oníkókó márùn-ún, kò sì ní dé ibẹ̀. Oníkókó mẹ́fà ni ó yẹ, nítorí pé àlàfo ni à ń kà, kókó tí a ti bẹ̀rẹ̀ sì wà nínú iye. Kò yẹ kí èyí rú ọmọ Yorùbá lójú. Ọjà ọrọọrún, ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ń bọ̀. Ọjà ìsán, ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Ìtàdógún, ẹ̀yìn ọjọ́ 16. Àwọn baba wa ka ọjọ́ tí wọ́n dúró lé mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ka kókó.

Ìlànà mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún yìí kò dá wà. Márùn-ún, 12 àti 13 ń fún wa ní igun bíi dígírì 22.6. Mẹ́jọ, 15 àti 17 wà pẹ̀lú. Èyí tí ó ń yọ ọmọléwé lẹ́nu jù ni dígírì 45, nítorí kò sí iye odidi kankan tí ó lè bá a mu láé. Àwọn ọ̀jáfáfá máa ń lo 12, 12 àti 17. Ìlà ìkọjá tòótọ́ jẹ́ 16.97, kì í ṣe 17. Àṣìṣe náà kò tó ìdámẹ́rin mìlímítà lórí mìlímítà 136, ìdè àwọn kókó á sì gbà á mọ́ra. Bóyá Ole Kirk ì bá ti dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ padà láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Síbẹ̀ àyè tí ó gbà á mọ́ra kì í ṣe àìbìkítà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín bíríkì kọ̀ọ̀kan kù ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ó má bàa há. Oníkókó mẹ́rin ní gígùn jẹ́ 31.8 dípò 32. Àyè tíńtín yìí ni ó ń jẹ́ kí ògiri gígùn tí a fi bíríkì tẹ́ẹ́rẹ́ mọ lè tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di òbírí, bí ògiri àká.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé-iṣẹ́ náà ń sọ fún aráyé pé ọ̀nà 102,981,500 ni a lè gbà kan bíríkì oníkókó mẹ́jọ mẹ́fà mọ́ ara wọn. Søren Eilers, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Copenhagen, tún un kà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ó sì rí i pé àwọn ìṣètò tí bíríkì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gun ara wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan nìkan ni wọ́n kà nígbà náà. Iye tí ó péye jẹ́ 915,103,765. Kò ka ẹyọ kan mọ́ ọn nínú èyí tí bíríkì dagun. Ó ní láti yọ wọ́n sílẹ̀, nítorí bí kókó kan ṣoṣo bá ti di bíríkì méjì pọ̀, tí ọ̀kan lè yí lórí èkejì, kò sí iye tí ó lè gba igun wọn tán.